Òkè Tí Dépò Fi Wákàtí Méjì Gùn

“Ẹni tó bá sáré kọjá àgbà, yóò rìn padà wá kí i.” Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, àbí? Ẹlòmíràn á rò pé inú ìbínú ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa á. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló bí i, ní Òkè Aláró, ní Ìbàdàn.

Dépò ló ń fẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́. Bí ọmọbìnrin náà bá rẹ́rìn-ín báyìí, Dépò lè gbàgbé orúkọ bàbá tó bí i. Ó wá ṣèlérí fún un pé òun yóò sá eré máratọ́ọ̀nù tó máa gba orí àwọn òkè Ìbàdàn kọjá, òun yóò sì fi mẹ́dáàlì ibẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ ìtọrọ.

Láràárọ̀ ló ń sáré gun Òkè Aláró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fẹ́ fi gùn ún, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀. Bàbá kan a máa jókòó síta ní téńté òkè, tòun ti pákò lẹ́nu.

“Ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?”

Ọwọ́ òsì tí aago wà ni Dépò máa ń jù sókè fún bàbá, á sì kọjá lọ fìrì. Odidi ogún òwúrọ̀!

Mọ́rẹ́nikẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí Dépò wá kí bàbá òun. Dépò wọ bùbá funfun, ó fín lọ́fíńdà. Bí ọkọ̀ ṣe yà sí Òkè Aláró báyìí ni òógùn bò ó. Pákò ló kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹnu tó wà.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Háà, Ẹ̀fúùfù!” ni bàbá wí. “Ẹ̀yìn rẹ ni mo máa ń rí. Ṣé bí ojú rẹ ṣe rí nìyí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà.”

“N ò bínú. Ṣùgbọ́n n ò lè fọmọ fún afẹ́fẹ́. Padà sí ìsàlẹ̀ òkè, kó o rìn bọ̀. Gbogbo àgbà tó bá jókòó síta, dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n, gbogbo àgbà àdúgbò ló wà níta. Ìyá kan béèrè àlàáfíà ìyá Dépò, ti àbúrò ìyá rẹ̀, títí dórí ewúrẹ́ wọn. Bàbá kan ní kó tún dọ̀bálẹ̀, pé òun ò tíì wọ awò ojú òun nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí Dépò fi dókè, bùbá funfun ti di aláwọ̀ ilẹ̀.

“Ìṣẹ́jú mélòó?” Bàbá na pákò sí aago rẹ̀.

“Wákàtí méjì, sà.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́rẹ́nikẹ́, bu omi fún ọkọ rẹ.”

Lọ́jọ́ eré gan-an, bí Dépò ṣe dé iwájú ilé àna rẹ̀, ó dúró, ó dọ̀bálẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló sáré kọjá rẹ̀, ẹnì kan ò kí bàbá nínú wọn.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ,” ni bàbá wí fún àwọn tó dúró tì í. “Ẹni tó bá sáré kọjá àgbà, yóò rìn padà wá kí i.”

Láti ọjọ́ náà, bí ìkánjú bá mú kí ẹnì kan fojú di ẹni tó ṣì máa wá nílò lọ́la, òwe tí àwọn àgbà ń pa fún un nìyẹn.