Ọkùnrin Tó Máa Ń Kọ́kọ́ Dórí Òkè

Ní ìlú kan tí òkè yí ká, ọkùnrin kan wà tí kò sí ohun tó wù ú láyé tó kó máa gun òkè. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́. Á so táì mọ́rùn, á jókòó sínú yàrá tí ẹ̀rọ ti mú tutù bí omi inú àmù. Ṣùgbọ́n fèrèsé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ tí èèyàn lè gbà rí orí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tó ti dà bí ohun tí wọ́n fi èéfín yà sára òfuurufú. Bí iṣẹ́ bá ti sú u, ibẹ̀ ni yóò máa wò. Ara rẹ̀ á wà lórí àga, ọkàn rẹ̀ á ti máa rìn láti orí àpáta kan bọ́ sí òmíràn.

Tí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, kì í jẹ́ kí oòrùn bá òun nílé. Á ti kó búrẹ́dì, ọsàn àti ẹ̀pà sínú àpò. Á dúró ti mọ́tò, á máa tẹ họ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀. Mórádéyọ̀, ìyàwó rẹ̀, á jáde, á ṣì máa so ìborùn rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ìbídùn, ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, á jáde tòun ti oorun lójú. Ní ti ajá wọn tó ń jẹ́ Kòsọ́rọ̀, ó ti máa ń fò sínú mọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Wọ́n á wá yà gbé Lásùpọ̀, ọ̀rẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń bá ṣeré láti kékeré, wọ́n á sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Nígbà mìíràn, òkè ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n á lọ. Nígbà mìíràn, wọ́n á wakọ̀ títí dé ìlú tí wọn kò ti mọ ẹnì kankan, torí pé wọ́n gbọ́ pé òkè kan wà níbẹ̀ tí omi ń já bọ́ láti orí rẹ̀.

Ọkùnrin yìí kì í rìn lórí òkè, ńṣe ló ń sáré. Bí wọ́n bá ti dé ìdí àpáta báyìí, á mí kanlẹ̀, á gbójú sókè, kò sì ní í rí ẹnikẹ́ni mọ́. Á máa gùn ún lọ bí ẹni tí wọ́n ń pè. Tó bá dé orí, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ sórí àpáta tí oòrùn ti yá lára, á mu omi, á dijú, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ sí i láyà. Kò síbi tí ara ti ń tù ú tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá pẹ́, á gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mórádéyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ìbídùn àti Lásùpọ̀ á tẹ̀ lé e, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, Kòsọ́rọ̀ á sì wà níwájú wọn. Òógùn á ti bò wọ́n. Wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n máa fìdí lé ni ọkùnrin yìí á dìde, á gbọn ṣòkòtò rẹ̀, á ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. A ò tíì rí ẹ̀gbẹ́ kejì.”

Òun ti sinmi tẹ́rùn. Kò wá sí i lọ́kàn pé àwọn yòókù kò tíì sinmi.

Kì í ṣe èèyàn búburú. Ó fẹ́ràn wọn dénú, ìfẹ́ yẹn ló sì ń mú un jí láàárọ̀ kùtù láti bá wọn di ẹrù. Lójú tirẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń gun òkè. Bó bá rí i tí Ìbídùn di ọwọ́ Lásùpọ̀ mú, inú rẹ̀ á dùn pé ọmọ òun mọ bí wọ́n ṣe ń bu ọlá fún àgbà. Nígbà tó rí i pé Lásùpọ̀ kì í fi okùn ọrùn Kòsọ́rọ̀ sílẹ̀ mọ́, ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ adùn ajá ni. Télọ̀ ni Lásùpọ̀, aṣọ tó ń rán kì í sì í wọ́. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ọkùnrin yìí pé òun ti fa ẹ̀rọ ìránṣọ òun lé àwọn ọmọṣẹ́ òun lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó mà dáa o! O ti wá ráyè òkè nìyẹn.” Lásùpọ̀ la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fèsì. Kó tó sọ nǹkan kan, ọkùnrin yìí ti jáde, ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ó wá di Sátidé kan, lẹ́yìn òjò ńlá. Ilẹ̀ tutù, òórùn koríko ń ta sánsán, gbogbo ewé ló ń kán tótó. Òkè tí wọ́n gùn lọ́jọ́ náà ga, ọ̀nà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ òsì ọ̀nà náà sì jẹ́ ọ̀gbun. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọkùnrin yìí ṣíwájú. Ó dórí òkè, ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

Nígbà náà ni kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó funfun, kò sì pariwo. Ó kọ́kọ́ gbé àwọn oko mì. Ó gbé òrùlé ìlú mì. Ó gun ẹsẹ̀ òkè, ó bo igi, ó bo ọ̀nà, títí tó fi ku orí àpáta tí ọkùnrin yìí wà nìkan, bí ọkọ̀ kékeré lórí omi tí kò ní èbúté. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sùn tó sì mọ̀ pé oorun lòun ń sùn. Kò gbúròó ẹyẹ, kò gbúròó mọ́tò. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ṣe é bí ẹni pé kò ní orúkọ, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó bí i, tí kò sì bí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ pé òun kò bí ẹnikẹ́ni yìí ló jí i. Ó tẹ́tí. Ìró ẹsẹ̀ tó yẹ kó ti máa gbọ́, kò gbọ́ ọ.

“Ìyá Ìbídùn!” ó pè. Kùrukùru gba ohùn náà, kò dá a padà. “Ìbídùn! Lásùpọ̀ o!” Kẹ́kẹ́ pa. Ó wá rántí ọ̀gbun tó wà lọ́wọ́ òsì.

Kò rántí wọ bàtà. Ó ń rá bàbà sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà, ó ń fi ìdí wọ́. Níbì kan, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ náà kò bá nǹkan kan. Òkúta kékeré kan yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó já bọ́, ọkùnrin náà kò sì gbọ́ ìgbà tó balẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ àpáta. Ọkùnrin tó ti gun òkè káàkiri kò mọ apá ibi tó kọjú sí mọ́. Ó wá pe ẹni tó kù tí kò tíì pè.

“Kòsọ́rọ̀!”

Ajá gbó lẹ́ẹ̀kan. Kò jìnnà rárá. Láìpẹ́, imú tó tutù kan kàn án lọ́wọ́. Ó di irun ẹ̀yìn ajá náà mú, ajá sì rọra ń mú un lọ títí wọ́n fi dé abẹ́ igi kan tó hù láàárín àpáta. Àwọn mẹ́ta tó ń wá kiri ló jókòó síbẹ̀. Mórádéyọ̀ ń bó ọsàn. Lásùpọ̀ ń sọ̀rọ̀, Ìbídùn ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà dùn ún ju bí ì bá ṣe dùn ún ká ní ó bá wọn nínú ẹkún.

“Mo ti ń pè yín látàárọ̀!” ó ní. “Mo rò pé ẹ ti já sí ọ̀gbun. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gòkè wá?”

“Ẹ rọra, Bàbá Ìbídùn,” Mórádéyọ̀ dá a lóhùn. “A ò ríran ni a ṣe jókòó.”

Lásùpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Tèmi dùn lónìí o,” ó ní. “Gbogbo wa la dọ́gba.”

Ọkùnrin yìí kò mọ ohun tí Lásùpọ̀ ń sọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ọsàn ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wolẹ̀.

“Jókòó, ọ̀rẹ́ mi,” ni Lásùpọ̀ wí. Ó sì jókòó. “Ojú mi ń lọ. Ọ̀tún ti lọ tán. Dókítà sọ pé òsì náà ò ní í pẹ́ tẹ̀ lé e.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá.”

“Ta ló mọ̀?”

“Gbogbo wa la mọ̀, Dádì,” Ìbídùn fèsì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Kí wá ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?”

Lásùpọ̀ kò bínú. Ó ń fi ọwọ́ ra orí ajá. “Orí òkè ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọ,” ó ní. “Mo ní ibẹ̀ ló dára jù, torí ibẹ̀ lèmi àtìwọ ti jọ ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé orí òkè, mi ò ní í ní èémí tí mo lè fi sọ̀rọ̀. Kí n tó máa rí èémí náà, o ti dìde.”

Ọkùnrin yìí wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó béèrè pé, “Pẹ̀lú ojú yìí, kí lò ń bá wa gòkè wá ṣe?”

“Mo fẹ́ wo ayé ni,” Lásùpọ̀ dáhùn. “Mo fẹ́ jókòó síbi gíga kan, kí n wò ó tẹ́rùn kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi. Mi ò tíì rí i wò tẹ́rùn.”

Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀. Kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í ya, bí ẹni ń fa aṣọ kúrò lára ọmọ tó ń sùn. Oòrùn yọ, ó kan Lásùpọ̀ lójú, ó sì gbé orí sókè.

“Ó ti ń là, àbí? Òjìji nìkan ni mo ń rí lọ́ọ̀ọ́kán. Bá mi wò ó. Báwo ló ṣe rí?”

“Ó dára,” ni ọkùnrin yìí wí.

“Ó dára báwo?”

Ọkùnrin yìí kọjú sí àwọn òkè náà. Láti ọdún tó ti ń gòkè, ó mọ bí èèyàn ṣe ń tètè débẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Orí àwọn òkè ti yọ,” ó ní, “ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹsẹ̀. Wọ́n dà bí màlúù tó dùbúlẹ̀ sínú òwú.”

“Màlúù aláwọ̀ wo?”

“Èyí tó sún mọ́ wa tutù bí ewé ilá. Èyí tó tẹ̀ lé e dà bí aró tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀. Èyí tó jìnnà jù, mi ò mọ̀ bóyá òkè ni tàbí sánmà.”

“Máa sọ ọ́.”

“Èéfín kan ń jáde láàárín òwú náà. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ń se nǹkan lóko. Àwọn lékeléke ń fò kọjá, òjìji wọn ń bá wọn lọ lórí òwú funfun nísàlẹ̀. Ọ̀nà kan ti ń yọ, ó pupa, ó lọ́ wọ inú igbó, mi ò rí ibi tó jáde sí…”

Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ń sọ ọ́ lọ, omi ń dà lójú rẹ̀, Lásùpọ̀ ń mi orí, ó dijú bí ẹni tó ń to nǹkan sínú àpótí. Mórádéyọ̀ na ọsàn sí ọkọ rẹ̀. Wọn kò dórí òkè mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi yẹn títí oòrùn fi yí.

Ọyẹ́ kejì kò tíì dé tí ojú òsì náà fi kú. Síbẹ̀, wọn kò jáwọ́ nínú òkè. Ohun tó yí padà ni pé ọkùnrin yìí ń rìn lẹ́yìn gbogbo wọn báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yún un, ká má parọ́. Ọ̀pọ̀ Sátidé ni ọ̀sán máa ń bá wọn lágbedeméjì, tí wọ́n á sì yí padà láìdé orí. Lọ́jọ́ kan, wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin yìí fi jókòó, tó ní kí wọ́n sinmi. Lásùpọ̀ fà á lápá.

“A ti dé nìyẹn,” ó ní.

“Rárá o, ó ṣì kù gan-an. Ta ló sọ fún ọ pé a ti dé?”

“O ti jókòó,” ni Lásùpọ̀ wí.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, ìwọ ni mo sọ ìtàn yìí fún. O ní ìyàwó rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, o ní àwọn ọmọ rẹ ń fà sẹ́yìn, o ní gbogbo ohun rere tó wà níwájú ni o ń mú wọn lọ bá. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n lé ọ bá gbẹ̀yìn, ṣé o jókòó dè wọ́n, àbí o ti ń gbọn ṣòkòtò? Ìsinmi tìrẹ kì í ṣe ìsinmi tiwọn. Máa lọ sílé. Má bá wọn sọ nǹkan kan nípa ibi tí ẹ ń lọ. Wá ibì kan fìdí lé láàárín wọn, kó o sì dákẹ́ títí wọn yóò fi mí délẹ̀. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọ sọ.