Ìkíni Tó Ní Táyà

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Wúràọlá ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó pa á lówe fún un. Àràárọ̀ ló ń pọn Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi rìn, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lókè ìlú. Gbogbo àgbà tó bá pàdé lọ́nà ló ń kí i: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Olúwa á fún ọ lókun."

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í dúró lóòró dá àgbà lóhùn. Wúràọlá á kúnlẹ̀ tòun tọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, á dúpẹ́, á sì tiraka dìde. Kó tó dé ilé ẹ̀kọ́, á ti kúnlẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún. Okun tí wọ́n ń tọrọ fún un, orí ìdìde náà ló ń tán sí.

Baba Sàláwù, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, nìkan ni kì í kí i. Lọ́jọ́ kan, ó mú okùn jáde, ó fi wọn ìdí àti ẹsẹ̀ Ìbídùn, ó wọlé padà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti ọmọlanke kékeré kan jáde, ó ti kan àga mọ́ ọn. Ó gbé ọmọ náà jókòó sínú rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Káfíńtà yẹn ò mọ èèyàn kí," ni ìyá àgbà kan wí fún Wúràọlá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Wúràọlá kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó dìde wẹ́rẹ́.

"Ó kí mi, mà," ló fèsì. "Ìkíni tiẹ̀ ló ní táyà."