Ìlérí tí Pẹ́pẹ́yẹ Ṣe fún Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ti ṣèlérí rí, tó wá ń sá fún ẹni tó ṣe é fún?

Àlọ́ mi dá lórí Pẹ́pẹ́yẹ, olórí ẹgbẹ́ kan tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Òfin àwọn ẹranko ni pé ọgọ́ta iṣu ni kí ẹgbẹ́ kan fi gba eléré, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan lé e yóò san méjì fún àwọn ẹgbẹ́ aláìní.

Pẹ́pẹ́yẹ ti ṣèlérí iṣu mẹ́wàá fún Ọ̀kẹ́rẹ́, tó kọ́ ní bọ́ọ̀lù láti kékeré, pé bó bá dàgbà, òun yóò fi gbà á sínú ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Àgùnfọn ga, Ìnàkí sì lágbára. Pẹ́pẹ́yẹ gbà wọ́n, àwọn méjèèjì sì kó ọgọ́ta iṣu náà tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wá kọrin:

"Ìyá, mo ti dàgbà o."
Ẹ bá mi gbè é: Ìlérí mi dà?

Lẹ́ẹ̀kíní, Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Àyè ti kún, ọmọ mi." Lẹ́ẹ̀kejì, "Ó di àmọ́dún." Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìyẹ́ bojú, nítorí ó mọ̀ pé ahun lòun ń ṣe.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó di ẹrù rẹ̀.

Ọpẹ́ yẹn dun Pẹ́pẹ́yẹ ju èébú lọ. Ojú tì í, kò lè gbórí sókè. Ó wọ àká lọ, ó kó ogún iṣu tí òfin ní kó san lórí mẹ́wàá fún àwọn ẹgbẹ́ aláìní, títí kan èyí tó fẹ́ gbìn. Lẹ́yìn náà ló fi àgógó ẹnu ara rẹ̀ yí mẹ́wàá tó ṣèlérí, lọ́kọ̀ọ̀kan, dé ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́.