Olóbì Létí Aṣálẹ̀

“Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Àwọn tó ń di ẹrù lọ sí òkè òkun pàápàá máa ń pa á ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á sì tún lọ náà ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Bí ìyá ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún wa lórí ẹní nìyí, nígbà tí gbogbo wa ṣì pé sílé. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún lọ́nà mìíràn, kó má bá mi jà.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèdijí. Olóbì ni, ará Òkè-Ìráwé, ìlú kékeré kan lábẹ́ àpáta. Bí àwọn oníṣòwò bá ti òkè ọya dé, tí wọ́n ń ròyìn ohun tí wọ́n rí, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó di obì gbàǹja rẹ̀, ó bá wọn lọ. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ẹnu odi, ó ń kì í, ó ń kì í, títí Oyèdijí fi ní, “Ó tó báyìí, ìyá mi, ọ̀nà jìn.” Nígbà tí a bá ní in, ariwo ni oríkì ń jọ létí wa.

Ayé mà fẹ̀ o! Ó rí Odò Ọya, ó rí ilé alámọ̀ tí àwọn onílé ń sùn sórí òrùlé rẹ̀. Ó rí iyọ̀ tí wọ́n gé ní pátákó pátákó bí ẹni la igi. Ó rí ràkúnmí, ẹran tó ń jẹ ẹ̀gún, tó sì ń wo ènìyàn tìkà-tẹ̀gàn. Létí aṣálẹ̀, ó dé ìlú kan tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ń fi aṣọ bo ojú, tí obìnrin ń rìn láìbo ojú. Oyèdijí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń bo tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò níbẹ̀. Obì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ kó wá ń tà, ó gbọ́ èdè wọn, ọba sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọba ní òun yóò fi í ṣe olórí àwọn àlejò, òun yóò fún un ní ilé tó ní kànga nínú àgbàlá, àti ẹṣin. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá gba oyè náà kò gbọdọ̀ fi ìlú sílẹ̀ mọ́ láyé. Oyèdijí gbà. Àwọn tí wọ́n jọ wá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé, òun ń yan aṣọ oyè.

Lọ́jọ́ ìwúyè, gbogbo ìlú pé sí àgbàlá ọba. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n tó wé láwàní fún ẹnikẹ́ni, akéwì ààfin gbọ́dọ̀ ké pe àwọn baba ńlá rẹ̀. Akéwì yíjú sí i.

“Àlejò, báwo ni wọ́n ṣe ń ki àwọn baba rẹ nílé? Sọ ọ́, kí n gbé e sókè.”

“Ìyẹn ò le,” ni Oyèdijí wí. “Àkànmú! Ọmọ olókè! Ọmọ asá-gbòdò-lórí-àpáta, ẹyẹ kì í jẹ ẹ́…”

Ibẹ̀ ló há sí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló tún há sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ènìyàn kì í ki ara rẹ̀, ẹlòmíràn ní í ṣe é fún un. Etí Oyèdijí nìkan ló ti ń gbọ́ oríkì náà láti kékeré, ẹnu rẹ̀ kò gbé e rí. Ó yíjú sí Atóyèbí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ rin ọ̀nà wá.

“Atóyèbí, gbà mí. Kí ló kù?”

“Èmi kẹ̀? Ṣé ọmọ ilé yín ni mí ni? Ìyá rẹ nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.”

“Ìyá mi ti darúgbó.”

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?”

Ẹ̀rù ba Oyèdijí. Bí ìyá òun bá kú, ta ni yóò sọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe fún òun? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Kábíyèsí, ẹ foríjì mí. Ilé ni mò ń lọ.” Inú ọba kò dùn, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda rẹ̀, Oyèdijí sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò.

Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú ilé nígbà tí ó dé. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Oyèdijí dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. “Ìyá mi, èmi rè é.” Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. Kò bèèrè ohun tó mú bọ̀, kò bèèrè ohun tó rí.

“Àkànmú! Ọmọ olókè! Ọmọ asá-gbòdò-lórí-àpáta, ẹyẹ kì í jẹ ẹ́, olóko ló ń jẹ ẹ́ tán kó tó gbẹ!”

Oyèdijí ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àṣé ọ̀jẹun ni gbogbo wọn láti ìdílé, tí iṣu sísá kì í gbẹ níwájú wọn! Nígbà tí àwọn aládùúgbò bi í bóyá àjò dùn, ó ní, “Ó dùn, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.”

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń pa òwe yìí fún ọmọ tí ìlú onílùú ti dùn mọ́ lára jù. Wọn ò sọ pé kó má rìn, àwọn náà rìn nígbà tiwọn. Wọ́n ń pa á bí wọ́n bá rí i pé ọmọ náà ti ń pẹ́, kó lè padà nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì ṣì wà láàyè.