Ọdẹ́bùnmi Aláró àti Òfin Ajá Ẹlẹ́nu-Dúdú

Eyín-kò-mọ-ìtàn, awo Ẹ̀rẹ̀kẹ́,
Ẹnu-ẹni-ní-í-kó-bá-ni, awo Ètè,
Aró-kì-í-bi-aṣọ-léèrè-orúkọ, awo Ìdí Ìkòkò,
àwọn ni wọ́n dífá fún Ọdẹ́bùnmi aláró, ọmọ ọdẹ ìlú Ìsánpá, ní ọjọ́ tí ọba ní ajá rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ìtàn yìí gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ tòògbé, kó yáa máa lọ sílé.

Àdúgbò Òkè-Odò ní Ìsánpá ni Ọdẹ́bùnmi ń gbé. Aró ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ ti kú, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un ju ajá lọ. Dánmiwò ni orúkọ ajá náà. Abo ni. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu-dúdú: ara wọn pọ́n, àyà wọn fẹ̀, ẹnu wọn sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ajá ọdẹ pọ́ńbélé ni wọ́n. Dánmiwò ló ń sùn sí ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́bùnmi. Òun ló ń bá a lọ já ewé èlú nínú igbó. Òun náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ tí obìnrin yìí kò rí ẹni rò fún. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa ajá yìí, Ọdẹ́bùnmi gan-an ló fẹ́ pa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀tún Láṣebíkan, igbákejì ọba, já wọ ààfin. Ọ̀tún tó máa ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ń dùn ún! Eré ló ń sá lọ́jọ́ náà. Fìlà ti ṣí lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán tó, tó, tó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí, wọ́n ti pa mí o! Ajá Ọdẹ́bùnmi bù mí jẹ! Mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi lójú ọ̀nà ni, ó kàn yọ sí mi!"

Háà! Ìlú dàrú. Ká má sì parọ́, ẹ̀rù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́nu-dúdú mìíràn ti fa ewúrẹ́ ya ní Ìsàlẹ̀-Ọjà ní oṣù tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni olówó ajá náà kò tọrọ àforíjì. Ẹnìkan ní láti inú ìyá wọn ni wọ́n ti ya wèrè wá. Òmíràn ní dúdú ẹnu wọn yẹn, májèlé ni. Ọ̀tún fi tirẹ̀ kún un: "Kábíyèsí, irú wọn ló burú. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo wọn fún Ògún. Kí Ògún jẹ àjẹyó, kí àwa náà sùn fọkàn balẹ̀."

Inú bí Ọlọ́sánpá, ọba Ìsánpá. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọba? Akéde gbé agogo, ó ń ké kiri. Ajá yòówù tí ẹnu rẹ̀ bá dúdú, pípa ni ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, yóò fi ìlú sílẹ̀.

Ọdẹ́bùnmi gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?"

Ìyá Ejíde, aládùúgbò rẹ̀, ní, "Ìjà ọba kò ṣeé jà. Mú ajá rẹ, kó o máa lọ sóko."

Ṣùgbọ́n Dánmiwò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì lajú. Báwo ni èèyàn ṣe ń kó abiyamọ sá? Ló bá gba ilé àwọn awo rẹ̀ lọ. Ó bi wọ́n bóyá ajá òun yóò yè.

Àwọn awo ní kó nu ojú rẹ̀ nù, kó lọ rúbọ. Ẹyẹlé kan, èkuru, egungun ẹran tó ṣì ní ọ̀rá lára, àti ìkòkò aró tó dára jù nínú ilé rẹ̀. Wọ́n ní kó da egungun náà sínú aró, kó gbé e sí ìta gbangba lọ́sàn-án gangan, kó má sì dé e. Ohun yòówù tó bá wá síbi ẹbọ náà, kó má lé e. Wọ́n ní kó má sá, kó má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí àgbà wọn wá ní, "Ọdẹ́bùnmi, Ifá ní ẹni tó tọ́ ajá ni kó rúbọ."

"Èmi kúkú ni mo tọ́ ọ," ni Ọdẹ́bùnmi wí. "Láti kékeré ni mo ti ń tọ́ ọ. Màá rú u."

Ó rọrùn lẹ́nu. Nígbà tó délé, tó ṣí ìkòkò aró náà wò, inú rẹ̀ bàjẹ́. Aró yẹn ni àwọn olorì fẹ́ fi rẹ aṣọ ọdún. Ó ti gún èlú rẹ̀, ó ti sẹ́ omi eérú rẹ̀, ó ti ń jí wò ó ní òròòwúrọ̀ bí ẹni wo aláìsàn. Kó wá da egungun sí i?

Ìyá Ejíde pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí! Ajá ń kú lọ, o tún fẹ́ fi aró kún un!"

Ọdẹ́bùnmi dúró, kò lọ, kò bọ̀. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọ ajá ń ké wín-ín, wín-ín lẹ́yìnkùlé. Ló bá fi gèlè di àmùrè, ó gbé ìkòkò náà síta, gbì! Ó da egungun sí i. Ó pa ẹyẹlé, ó fọ́n èkuru yí i ká. Ó rú ẹbọ náà bí wọ́n ṣe ní kó rú u.

Ọ̀la ni ọjà, gbogbo ìlú ló wà lóko tí wọ́n ń kó ẹrù jọ. Ilé dá páropáro. Èṣù Ọ̀dàrà gba òórùn ọ̀rá náà, ó gbé e fún atẹ́gùn, atẹ́gùn sì gbé e kárí Ìsánpá. Àfi gìrì! Ajá alágbẹ̀dẹ dé. Ajá ìyá onírú dé. Ajá funfun Ọ̀tún Láṣebíkan, tó ń jẹ́ Kílókànyín, dé. Kò pẹ́ tí Mogbọ́tiyín, ajá ọba fúnra rẹ̀, fi ààfin sílẹ̀, tó ń bọ̀ tìyìtẹ̀yẹ. Wọ́n ti ẹnu bọ aró dé ojú, wọ́n ń wá egungun. Èyí ń fà, ìyẹn ń gbà.

Ọdẹ́bùnmi yọjú, ó rí wọn. "Ó parí! Wọ́n ti ba ẹbọ mi jẹ́!" Ó fa igi yọ lára ààrò, ó nà án sókè. Ibẹ̀ ló ti rántí pé àwọn awo ní kí òun má lé e. Inú ń bí i, aró rẹ̀ sì ń dùn ún. Ó ju igi nù. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi jẹ egungun tán, tí kálukú wọn ń pọ́n ètè lá lọ sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ilẹ̀ ọjọ́ ọjà mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba tú jáde tòun ti okùn àti kùmọ̀. Òfin kò lọ́jú pọ̀: ajá tí ẹnu rẹ̀ bá dúdú, ẹ mú un. Ajá alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Dúdú. Ẹ mú un. Ajá onírú ńkọ́? Dúdú kirikiri!

"Funfun ni ẹnu ajá mi lánàá!" onírú ń pariwo. "Ẹ fọ̀ ọ́ wò!"

Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n fi kànìnkànìn ha á. Aró Ọdẹ́bùnmi kì í ṣá! Ni okùn bá ń tán lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Ajá ń gbó, ewúrẹ́ ń sá, igbá aláta ń dojú dé, ọjà di bó-ò-lọ-yà-fún-mi. Nígbà tí wọ́n fi máa dé iwájú ààfin, kò ku ajá kan nílé ẹnikẹ́ni ní Ìsánpá. Dánmiwò wà láàárín wọn, wàrà ń kán lọ́mú rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọmọ ajá sínú agbọ̀n. Kò sá. Kò jà.

Ọba ti jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ẹni tí yóò pa wọ́n gbé kùmọ̀ sókè. Ajá tí wọ́n kọ́kọ́ fà síwájú, funfun ni, ẹnu rẹ̀ nìkan ló dúdú.

"Kílókànyín!" ni Ọ̀tún ké. "Kílókànyín o!"

Ẹ̀ṣọ́ kan yíjú sí i. "Ọ̀tún, ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Kábíyèsí lẹ ń bi pé kí ló kàn wọ́n?"

"Orúkọ ajá mi ni! Ẹ̀yin aráyé, ajá mi nìyẹn!"

Ẹ̀rín bú gbàù. Ọba nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ojú rẹ̀ ti kọjá Kílókànyín. Mogbọ́tiyín wà lẹ́yìn, okùn lọ́rùn, ẹnu dúdú, ó rí olúwa rẹ̀, ó ń ju ìrù. Ọba dìde dúró. "Ta ló so ajá mi?"

Olórí ẹ̀ṣọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kádé pẹ́ lórí. Ẹnu rẹ̀ dúdú, Kábíyèsí. Òfin yín ni."

Ọ̀tún Láṣebíkan ti wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọba, òógùn ń bò ó. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Kílókànyín kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ṣé dúdú ẹnu ló ń bu èèyàn jẹ ni? Ajá kì í ṣàdédé bu èèyàn jẹ, àfi ẹni tó bá tọ́ ọ!"

Ó wí i tán kó tó gbọ́ ohun tó wí. Ó fi ọwọ́ tó ní ọgbẹ́ bo ẹnu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọdẹ́bùnmi fò dìde. Ọ̀rọ̀ àwọn awo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e ni, ara rẹ̀ sì gbóná fún ayọ̀. "Kábíyèsí, Ifá sọ ọ́! Ifá ní ẹni tó tọ́ ajá ni kó rúbọ. Mo rò pé èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà nìkan ni. Mo rú tèmi. Ẹni tó tọ́ ọ níjà ńkọ́? Ta ló tọ́ ọ?"

Àwọn ará ọjà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló tọ́ ọ? Ta ló tọ́ ọ?"

Ọba ní kí wọ́n dákẹ́. Ó wo Ọ̀tún títí. "Láṣebíkan, ọwọ́ rẹ tó wọ ẹnu ajá, ibo ló ń lọ?"

Ọ̀tún dorí kodò. "Ọmọ ajá ni, Kábíyèsí. Mo fẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo bẹ obìnrin yìí títí, kò fún mi. Ni mo bá gba ibi tí ọgbà rẹ̀ ti wó wọlé, mo na ọwọ́ sí abẹ́ ìyá wọn."

Ẹ ò rí nǹkan! Irú tó ní ó burú, òun ló ń jí! Ariwo sọ, àwọn kan ń ju fìlà sókè, Ìyá Ejíde ń pàtẹ́wọ́ ju ti àná lọ.

Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi fẹ́ gé gbogbo ọwọ́. Ẹ tú wọn sílẹ̀."

Ó ní láti òní lọ, kò sí ajá tí Ìsánpá yóò tìtorí àwọ̀ ẹnu rẹ̀ dá lẹ́jọ́ mọ́. Ohun tí ajá bá ṣe ni wọn yóò bi í. Olówó ajá tó fa ewúrẹ́ ya, kó lọ san ewúrẹ́, kó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láṣebíkan, kó mú òbúkọ wá fún ẹbọ, kó bẹ Ọdẹ́bùnmi ní gbangba ọjà. Ó wá yíjú sí Ọdẹ́bùnmi. "Ìwọ náà, má tíì jó. Ọgbà rẹ wó, o ń wò ó. Bó bá jẹ́ ọmọ jòjòló ló rá gba ibẹ̀ ńkọ́?"

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí kò rò ó dé ibẹ̀ rí. "Mo jẹ̀bi, Kábíyèsí. Màá sọgbà náà lónìí."

Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn lọ́rùn Dánmiwò. Ajá náà kò gbó, kò wo Ọ̀tún, kò wo ọba. Ó lọ síbi agbọ̀n, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ààfin, ó na ọmú fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni. Ọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé wọn. Òun pẹ̀lú kò wọlé títí wọ́n fi mu ọmú tán.

Ọdẹ́bùnmi wá di ẹni ń jó, ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ẹni tó bá sì rí aró tí ọṣẹ kò ràn lẹ́nu ajá, ṣe ló ń gbé aṣọ tirẹ̀ sáré wá. Àwọn olorì ló ṣáájú. Ire ajé wọlé dé tọ̀ ọ́, kò sì lọ mọ́.

Ifá ní kí ẹni tó dá èyí máa fetí sí ìmọ̀ràn. Ẹbọ tí wọ́n bá yàn fún un, kó má fi ohun tó dára jù pamọ́ níbẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ gbé kùmọ̀ sí odidi ìran kan, kó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀. Rírú ẹbọ ní í gbe ènìyàn, àìgbọràn kì í gbe olúwa rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o rú u, rú u. Bí wọ́n bá ní kí o má lé e, ju igi ọwọ́ rẹ nù.