Agbẹ̀bí Tó Fi Ìwọ́ Dá Katakátá Dúró

Ẹni tó bá rò pé katakátá ló lágbára jù nínú ìlú kò tíì mọ Ìyá Ojúọlápé, agbẹ̀bí àdúgbò wa. Kọmíṣọ́nnà tó fẹ́ tún àárín ìlú ṣe gbé katakátá dé iwájú ilé alámọ̀ tí ìyá jogún, láàárín ilé iṣẹ́ aṣọ àti ilé alájà mẹ́wàá ìgbà òmìnira, ó ní, “Màámà, kí n tó ka ení dé ogún, ẹ gbé ilé yín kúrò.” Ó ka ení, ó ka èjì. Ìyá ní, “Ọmọ mi, ní kí wọ́n rọra. Orí ìwọ́ rẹ ni katakátá yẹn dúró sí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rì í mọ́lẹ̀.” Kọmíṣọ́nnà figbe ta: “Ẹ sún sẹ́yìn!” Awakọ̀ sún sẹ́yìn. Ìyá ní, “Háà, ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn.” Kọmíṣọ́nnà tún pariwo: “Ẹ yà sápá òsì!” Ìyá bojú: “Yéè! Awakọ̀, tìrẹ lo gùn yẹn!” Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó di ìdodo rẹ̀ mú, ó sá lọ. Kó tó dọ̀sán, Kọmíṣọ́nnà ti kọ ilé náà mọ́ àwọn ilé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Mo bi ìyá pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí wọn lóòótọ́?” Ó ní, “Èmi kẹ̀? Mi ò mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Àmọ́ èwo nínú wọn ló rántí ọjọ́ tí wọ́n bí i?”