Ìkòkò Tó Yáná

Ọkùnrin kan wà tó ń mọ ìkòkò. Oyèdókun, má rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ̀ pé iṣẹ́ obìnrin ni a mọ̀ ọ́n sí nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin yìí kò bí obìnrin kankan, kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ òun bá òun wọ sàréè. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ débi pé bí o bá fi ìka gbá ìkòkò tó mọ, á dún gooro.

Àwọn òyìnbó kan wá kọ́ ilé sórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wọn. Wọ́n ń kó àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde bọ̀ jọ síbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, kí wọ́n jọ máa gbé, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò òjò. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á ṣe ìpàtẹ, wọ́n á pe ayé wá wò ó. Ìpàtẹ yìí ni gbogbo wọn ń lé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wu àwọn àlejò, wọ́n á mú un lọ sí àwọn ìlú ńláńlá lókè òkun, orúkọ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè. Ọkùnrin wa yìí wà lára wọn, òun nìkan sì ni ọmọ onílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ó ti pinnu lọ́kàn pé àmù ńlá kan, irú èyí tí ìyá òun máa ń mọ, ni òun yóò gbé síwájú ayé.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó wá láti orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú mìíràn. Òun kò fi amọ̀ orí òkè yẹn ṣiṣẹ́ rárá. Àpò amọ̀ dúdú kan ló gbé wá láti ilé. Ìjọba ilẹ̀ wọn ti sé odò abúlé wọn kí wọ́n lè fi ṣe iná mànàmáná, omi sì ti bo gbogbo abúlé náà mọ́lẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Kí omi tó dé ló ti sáré wa amọ̀ náà létí odò. Kò sí òmíràn mọ́ láyé yìí. Ó fi gbogbo rẹ̀ mọ àwọn abọ́ bíi mélòó kan, irú èyí tí àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ fi ń jẹun, kò sì ṣẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan kù. Ó ní bí òun bá ti sun wọ́n tán, omi kò lè rí wọn gbé mọ́.

Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí bí ọmọ ìyá. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n alásè ilé náà ti kọ́ ọ ní "ẹ̀gbọ́n", ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn, bó bá sì ti rí ọkùnrin náà láàárọ̀, á ti máa pariwo rẹ̀ láti òkèèrè.

Ìléru kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò, ilé bíríkì tí wọ́n ń fi gáàsì dáná sí. O mọ̀ pé bí amọ̀ bá ṣì ní omi nínú tí iná ká a mọ́, omi náà á di ooru, á wá ọ̀nà jáde, kò ní rí i, á sì fọ́ ìkòkò náà túútúú. Ní gbangba tí ìyá ọkùnrin yìí ti ń fi koríko sun ìkòkò, èyí tó bá bú, ara rẹ̀ ló ṣe. Nínú ìléru tí a ti tò wọ́n ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ọ̀kan lè pa gbogbo wọn.

Nítorí náà, àṣà kan wà lórí òkè yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ́rìí iṣẹ́ ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dáná, ẹlòmíràn ni yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìkòkò rẹ. Bí amọ̀ bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, omi wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tutù, ẹni náà á ní, "Ó ti gbẹ," á sì bá ọ gbé e wọlé. Orúkọ rẹ̀ ló fi dúró yẹn.

Àmù àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà mọ là nídìí. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, òjò kò sì dá. Nígbà tí ọjọ́ ìdáná ìkẹyìn kù sí dẹ̀dẹ̀, ara àmù náà ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tó ki ṣì tutù rinrin. Ó mọ̀. Ọmọ amọ̀kòkò ni, ta ló máa sọ pé kò mọ̀? Iṣẹ́ tí kò bá sì wọ ìléru lọ́jọ́ náà, kò ní rí ìpàtẹ. Ó lè sọ pé, "Ẹ fi tèmi sílẹ̀." Ó ní àwo pẹrẹsẹ méjì tó ti sun tẹ́lẹ̀, ó lè pàtẹ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti fi àmù ìyá rẹ̀ yangàn káàkiri ìlú, ojú á tì í.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gbé àmù lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó dojú ìdí rẹ̀ kọ iná igi alásè.

Alásè ní, "Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ìkòkò lẹ fẹ́ yan jẹ lónìí ni? Ṣé iṣu ò wù yín mọ́?"

Ó ní, "Òtútù ló mú un, jẹ́ kó yáná díẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ń yí i, ó ń yí i, títí gbogbo ara rẹ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òde ara rẹ̀ lásán ni. Omi inú rẹ̀ wà níbi tó wà.

Ta ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bí kò ṣe obìnrin àlejò yẹn? Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí àmù, ó di ojú. Obìnrin náà lajú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbẹ. Ṣé kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí nǹkan kan."

Wọ́n jọ gbé e wọlé. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn abọ́ òun, kí àgbà lè máa ṣọ́ àwọn ọmọdé.

Iná kò tíì pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, òjò alárá. Gbogbo wọn sá sábẹ́ àtíbàbà. Láàárín àrá ni ìró kan dún láti ọ̀nà ìléru, gbòà! Ẹnì kan ní, "Àrá yìí mà sún mọ́ wa o." Ọkùnrin náà nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àrá.

Fetí sí mi níbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Amọ̀ tí kò tíì jinná nínú iná, amọ̀ náà ni. Bó tilẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, rẹ ẹ́ sómi, á rọ̀, ìwọ á sì tún un mọ. Bí ọkùnrin yẹn bá fò dìde tó ní, "Ẹ pa iná!", obìnrin náà á pàdánù abọ́, kò ní pàdánù amọ̀. Ẹnu ló máa fi sọ ọ́, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó. Ó wo ìléru, ó wo obìnrin náà tó ń jẹ àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Iná jó títí, amọ̀ inú rẹ̀ sì jinná.

Nígbà tí ìléru tutù tí wọ́n ṣí i, àfọ́kù ló kún inú rẹ̀. Iná ti sọ amọ̀ dúdú yẹn di pupa bíi ti àwọn yòókù. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù, kò sì lè dá tirẹ̀ mọ̀ mọ́.

Ọ̀gá ilé, òyìnbó kan, rí i pé láti ìdí àmù ni ìbúgbàù ti wá, ó béèrè pé, "Ta ló yẹ àmù yìí wò?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sókè. "Èmi ni."

Gbogbo wọn yí ojú sí i. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, inú ń bí wọn, wọ́n sì sọ ọ́ sí i lójú pé kò mọ amọ̀ gbígbẹ yàtọ̀ sí tútù, kí ló wá ṣe níbí? Ó lọ bá ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀ bí alásè ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ba iṣẹ́ ìyá yín jẹ́. Kò tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, mo búra."

Ó ní, "Mo ti forí jì ọ́."

Oyèdókun, ṣé o gbọ́? Ó forí jì í!

Lọ́jọ́ kejì nídìí oúnjẹ, alásè gbé àwo wá, ó ní, "Bọ̀dá, ìkòkò tó yáná lọ́dọ̀ mi ńkọ́? Ṣé òun náà fọ́ ni?" Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Obìnrin àlejò náà bi ọkùnrin náà pé kí ni alásè sọ. Ó ní, "Ó ń kí ọ pẹ̀lẹ́." Obìnrin náà dìde, ó dì mọ́ alásè, ó wá bú sẹ́kún. Alásè ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, kò mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Nígbà ìpàtẹ, ọkùnrin náà ṣa àwọn àfọ́kù tó ki, ti àmù ìyá rẹ̀, ó to wọ́n sórí tábìlì. Àwọn àlejò ṣàánú rẹ̀, wọ́n yìn ín, wọ́n sì mú un lọ sókè òkun. Obìnrin náà dúró lẹ́yìn tábìlì òfìfo títí wọ́n fi pa ilẹ̀kùn, ó sì padà lọ sílé. Mo gbọ́ pé kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Ó ní òun kò lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara òun gbọ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti ọkùnrin yìí, òtítọ́ kò tíì bá a. Ó ń mọ ìkòkò lọ́hùn-ún, owó ń wọlé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́ jẹ: ó lè má bá a láéláé.

Oyèdókun, má wolẹ̀. Wò mí lójú. O wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n tẹ̀lé ọ lọ sílé àwọn àna rẹ tuntun, kí n sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, pé ìwọ kì í na obìnrin. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí ọ. O ń kí tọmọdé tàgbà, o ń bá àwọn opó la igi, ohùn rẹ ti rọ̀. Bí mo bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọ lónìí, mi ò ní bá òtútù kankan. Ṣùgbọ́n apá ìyàwó rẹ àkọ́kọ́ tí ó fi aṣọ fà kọ́ ọrùn nígbà tó ń padà sílé bàbá rẹ̀, ojú mi yìí ló rí i.

Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, tí wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Bí nǹkan bá bú gbàù nínú yàrá yẹn, àwọn ará ìta á ní àrá ni. Èmi sì ni wọ́n á bi pé ta ló ní ó ti gbẹ. Bàtà mi nìyí, ọ̀pá mi nìyí, mi ò tíì sọ pé mi ò lọ. Dá mi lóhùn kí n tó dìde: ṣé o ti gbẹ, àbí o kàn yáná ni?